Ìjàpá bàbá mi ti pẹ́ nílẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen ìjàpá kan wà nílé wa ní Ìbàdàn, 1300, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà l'Ékòó lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Bàbá mi ló ni ín. Ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Bàbá ní bí mo bá lè tún un ṣe, kí n máa lò ó.

Mo mọ sípánà dì mú díẹ̀. Èmi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì Corolla mi, mo sì máa ń pààrọ̀ láínììnì bíréèkì rẹ̀ fúnra mi. Mo ti ta páànù sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kọnkéré, ó gba ọkọ̀ kan dáadáa.

Panẹ́lì-bítà àdúgbò wa wá wò ó. Ó ní kí òun fọ́n pẹ́ńtì sí i ná kó máa dán, ká tó wá pe mẹ́káníìkì. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, oṣooṣù ni mo ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Èyí tí agbára mi bá ká ni mo fẹ́ ṣe fúnra mi, kí n gbé ìyókù fún oníṣẹ́.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n pẹ́ńtì sí i. Pẹ́ńtì ló kẹ́yìn. Má sì tíì gbé bátìrì sí i pé o fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti sùkúdíráfà tó mú lẹ́nu ni irinṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Wo apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni bátìrì ń gbé. Ásíìdì tó ń ta sílẹ̀ lára bátìrì láti ọdún wọ̀nyí wá ló máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ yìí, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lu. Ká rọ́bà ilẹ̀ kúrò pátápátá, kí o wá fi ẹnu sùkúdíráfà gún páànù ilẹ̀ káàkiri, pàápàá ní etí ibi tó ti pàdé bọ́dì. Irin tó dáa á dún kọ̀ọ̀, ẹnu sùkúdíráfà ò sì ní wọ̀ ọ́. Èyí tó ti dípẹtà á máa rún bí ìpékeré. Má ṣàánú rẹ̀, gún un. Ihò tó bá yọ, ó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, pẹ́ńtì àti ìdọ̀tí ló bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wo abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Irin gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀ ló ń gba inú rẹ̀ lọ síwájú, torí ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó nílò ooru yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wo irin yẹn. Ṣùgbọ́n irin yẹn náà ló gbé bọ́dì ró láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá ti jẹra, ọkọ̀ á máa tẹ̀ láàárín. Ṣí ilẹ̀kùn kí o rọra pa á: bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò bá bá ihò mu mọ́, tí o ní láti gbé ilẹ̀kùn sókè kó tó pa, yálà híńjì ló jẹ tàbí irin yẹn ti ń lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, nu orí irin tó gba àárín ọkọ̀ kọjá. Nọ́ńbà ṣáàsí wà lára rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó lé. Kọ méjèèjì sílẹ̀, fi wọ́n wé ìwé ọkọ̀ bàbá yín. Bí wọn ò bá bára mu, ìwé ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe kí o tó ná kọ́bọ̀ lé irin lórí.

Panẹ́lì Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ panẹ́lì ni mo ń ṣe jẹun, mo sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Bàbá. Bí a bá fọ́n pẹ́ńtì lé ìpẹtà, abẹ́ pẹ́ńtì ni á ti máa jẹ ọkọ̀ lọ. Àbúrò, nígbà tí o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, dúró tì í.

Tánkì epo ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ ibi tí a ń kó ẹrù sí. Kí wẹ́dà tó tan iná níbikíbi lára ọkọ̀, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn pátápátá, tánkì ti gbọ́dọ̀ kúrò kó sì jìnnà. Má sọ pé kò sí epo nínú rẹ̀. Tánkì òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, torí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Bátìrì náà gbọ́dọ̀ kúrò.

Kí wẹ́dà tó gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, kó kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin mọ́ ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn lóròó àti níbùú kí bọ́dì má baà rìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kó ṣe parí kó tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tó bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́dì á wó sínú ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dáadáa mọ́. Mo ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wá gbé wá bá mi, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ju ti ìpẹtà lọ. Kó máa ti ilẹ̀kùn wò bó ṣe ń jó o lọ.

Ilẹ̀ ńkọ́? Páànù tó nípọn tó mílímítà kan. Má gbà kó fi páànù òrùlé tàbí irin gáráwá dí i. Kó má sì lẹ tuntun lé ògbólógbòó lórí: àárín méjèèjì ni omi á máa sá pamọ́ sí, láàárín ọdún díẹ̀ wàá tún padà síbẹ̀. Kó gé èyí tó jẹra títí tó fi kan irin tó mọ́. Bó bá ń jó o, kó máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó fò lọ sápá ibòmíràn, kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù. Páànù tí a bá jó gbọọrọ lọ lẹ́ẹ̀kan á ká, kò sì sí háàmà tó máa tẹ́ ẹ dáadáa mọ́.

Kókó kan kù tí àwọn èèyàn wa kì í ka kún: ọ̀dà pupa tí a máa ń fi bo irin lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ṣe tán kò dá omi dúró fúnra rẹ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí o bá kùn ún tán tí o fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ìgbà òjò, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀mejì tí a ń pò, ìyẹn epoxy, ni kí o fi bo irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kí o wá fi ọ̀dà dúdú tó nípọn kun abẹ́ ọkọ̀ lé e.

Dérẹ́bà Mókólá

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń béèrè. Kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì wà láàyè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ tuntun ṣe?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ ẹ ò burú, ọ̀gá dérẹ́bà, àmọ́ wò ó báyìí: ibi mẹ́rin péré ni bóòtù ti di ẹ́ńjìnnì ìjàpá mọ́ gíà, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ènìyàn méjì tó mọ̀ ọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí oòrùn tó kanrí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, a ó ra òmíràn. Bí ilẹ̀ àti irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti lọ tán, kò sí ohun tí a fẹ́ so ẹ́ńjìnnì náà mọ́.

Síbẹ̀, a lè wo ẹ́ńjìnnì láìsí bátìrì, kò sì ní ná an lówó. Àbúrò, yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbé gíà sí ńútírà. Fi sípánà 21 sí nọ́ọ̀tì tó wà láàárín púlì dáínámò, fi ọwọ́ kejì tẹ fáàn-bẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kó má yọ̀, kí o rọra yí i. Bí ó bá yí yíká láìsí ibi tó ti há, inú rẹ lè dùn. Bí ó bá le, má fi agbára yí i, tún ta ọ́ìlì sí i kí o dúró.

Lẹ́yìn náà, di púlì ńlá ìsàlẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, tì í padà. Bó ti yẹ kó rìn kò ju nǹkan bí 0.07 sí 0.13 mm lọ, èyí tí ọwọ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Bí ó bá ti kọjá 0.15 mm, tí o ń gbọ́ kọ́, kọ́, tí ojú rẹ sì ń rí i pé ó ń lọ ó ń bọ̀, bíárì inú ti jẹ. Títú ló máa fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì ní Ládipọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ìdánwò yìí ni kó kọ́kọ́ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Bí ọlọ́jà bá ní kí o má fọwọ́ kan púlì, máa bá tìrẹ lọ.

Réwáyà Múṣin

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti iná, torí àwọn ọkùnrin máa ń fi í sẹ́yìn.

Àbúrò, bátìrì abẹ́ ìjókòó yẹn ni kí o bẹ̀rù jù. Sípíríǹgì ìjókòó ẹ̀yìn jẹ́ irin, ó sì wà lókè bátìrì gan-an. Bí ènìyàn tó tóbi bá jókòó sápá ọ̀tún, tí bátìrì bá ga, tí kò sì ní ìdérí, sípíríǹgì á kan orí rẹ̀ méjèèjì, iná á ta, ohun tí wọ́n fi kún inú ìjókòó á sì gbiná. Kì í ṣe ìtàn, ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ṣe ìdérí sórí bátìrì nìyẹn, ìdérí yẹn ni kì í sì í sí lára ọ̀pọ̀ ìjàpá tí mo ń rí. Wọn ibi tí bátìrì ń gbé kí o tó lọ rà á, ra èyí tí kò ga, fi bẹ́ẹ̀tì dè é mọ́lẹ̀, kí o sì fi rọ́bà tó nípọn bò ó.

Fíúsì rẹ̀ ni àwọn kéékèèké tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wé. Ẹ̀yìn wọn máa ń dípẹtà, iná á wá máa ṣẹ́jú. Fi sánpépà dídán ha ẹnu ibi tí wọ́n jókòó sí kí o tó sọ pé wáyà ló bàjẹ́. Ẹni tó bá fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti jó, ó ti sọ gbogbo wáyà ọkọ̀ di fíúsì.

Tí sítátà bá ń fà á tìnira-tìnira, tí bátìrì sì kún, wo wáyà pẹlẹbẹ tó so gíà mọ́ ṣáàsí. Òun ni iná ń gbà padà, torí rọ́bà ni gíà àti ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Bó bá ti já tàbí dípẹtà, kò sí bátìrì tó máa tó o.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ti ṣe èyí tí Bàbá sọ. Ilẹ̀ abẹ́ bátìrì ti lu, ọwọ́ mi wọ̀ ọ́. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún dáa, ti òsì ti jẹra láti àárín lọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà méjèèjì bá ìwé mu. Ẹ́ńjìnnì ń yí, púlì ò sì rìn.

Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì wo ojú fáànù, koríko gbígbẹ, òwú àti ike ni mo rí níbẹ̀. Eku ti sọ ọ́ di ilé. Mẹ́káníìkì kan tó ń kọjá ní kí n kúkú yọ gbogbo páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká dànù, pé ooru á rọ́nà jáde. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn

Rárá o! Jọ̀ọ́, má yọ ọ̀kan dànù. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ẹ́ńjìnnì ìjàpá tí kò ṣeé kà nílẹ̀ yìí.

Ìjàpá ò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Fáànù tí bẹ́ẹ̀tì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ẹ̀hàn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí sílíńdà (ilé tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) ká. Àwọn páànù wọ̀nyẹn ló ń darí atẹ́gùn kó má baà gba ibòmíràn lọ. Àwọn tó tẹ́ sílẹ̀ yí ẹ́ńjìnnì ká, pẹ̀lú rọ́bà etí wọn, ló pín òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀: òkè ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn tútù, ìsàlẹ̀ ni èyí tó ti gbóná ń jáde sí. Bí o bá yọ wọ́n, tàbí tí rọ́bà yẹn bá ti jẹ, fáànù á máa fa ooru ìsàlẹ̀ padà sórí ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí o bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni wàá mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí eku kó síbẹ̀ kò tán sí ojú fáànù. Ó ti bọ́ sáàárín àwọn ẹ̀hàn sílíńdà, níbi tí ojú ò dé. Má rò pé bí o bá fi wáyà fà á jáde níwájú ó ti tán. Sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ṣí ilé fáànù, gbé e kúrò, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ àárín ẹ̀hàn kọ̀ọ̀kan títí wàá fi rí ojú irin. Ọjọ́ kan tí a fi ṣe èyí ló máa sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa pẹ́ tó.

Nígbà tó bá wà nílẹ̀, wo sílíńdà kẹta dáadáa. Bí o bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tí o kọjú síwájú, ìkíní ni ti ọwọ́ ọ̀tún tó sún mọ́ gíà, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta ni ti ọwọ́ òsì tó sún mọ́ gíà, ìkẹrin lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sínú ilé fáànù, ó sì dí atẹ́gùn tó ń lọ sọ́dọ̀ ìkẹta, nítorí náà ìkẹta ló máa ń gbóná jù, fáàfù rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jó. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì Jámánì ti 1971 ló gbé irin yẹn kúrò lójú ọ̀nà.

Nítorí fáàfù yìí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè kékeré tí a ń fi sílẹ̀ lórí fáàfù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, òwúrọ̀ kùtù kí o tó gbé ọkọ̀ jáde ló dáa jù. 0.15 mm ni ti gbogbo fáàfù, fi fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè, wọ̀n ọ́n. Ṣí ìdérí dísíríbútọ̀, yí ẹ́ńjìnnì títí rótọ̀ fi kọjú sí àmì kékeré tí wọ́n gé sí etí dísíríbútọ̀, tí àmì púlì sì bá ìlà àárín ẹ́ńjìnnì mu: sílíńdà kìíní nìyẹn. Ṣe fáàfù méjèèjì rẹ̀. Yí púlì sẹ́yìn ní ìlàjì yíyí, wàá kan ìkejì. Ìlàjì mìíràn, ìkẹta. Ìlàjì mìíràn, ìkẹrin. Bí tápẹ́ẹ̀tì bá ń pariwo díẹ̀, ó sàn ju kó dákẹ́ ṣinṣin lọ. Fáàfù tí kò rí àyè pa dáadáa ló ń jó.

Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ, kò sì ní fíltà bíi ti Corolla rẹ, asẹ́ irin ló wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ọ́ìlì yẹn ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, má jẹ́ kó kọjá 5,000 kìlómítà. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló di àwo asẹ́ náà mú. Má fi agbára dì wọ́n, wọ́n á fa igi wọn jáde lára ẹ́ńjìnnì.

Bí iná pupa dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, pa á lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí dáínámò àti fáànù. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já, kò sí ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára mọ́. Máa gbé bẹ́ẹ̀tì kejì sínú ọkọ̀.

Oníkábúrétọ̀

Mo fi ti epo kún un. Epo tó ti wà nínú tánkì fún ọdún mélòó kan ti di nǹkan mìíràn, òórùn rẹ̀ á sọ fún ẹ. Má gbìyànjú láti fi tuntun là á. Fà á dànù, sọ tánkì kalẹ̀, fọ̀ ọ́, wo inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tú kábúrétọ̀, fọ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, fẹ́ ẹ, má fi wáyà gún un.

Gbogbo họ́ọ̀sì epo, láti tánkì dé kábúrétọ̀, tuntun ni kí o fi sí i. Èyí tí wọ́n fi òwú hun ara rẹ̀ máa ń là nínú, ojú ò ní rí i. Ìjàpá tó ń jóná lójú títì, họ́ọ̀sì ló sábà ń fà á. Ibi kejì rèé: páìpù kékeré tí epo ń gbà wọnú kábúrétọ̀, tí wọ́n kàn tẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ó máa ń tú. Dì í mú, yí i. Bí ó bá yí tàbí tó ń jáde, má gbé ọkọ̀ yẹn rìn títí wàá fi tún un ṣe. Bó bá yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo á máa tú sórí irin gbígbóná àti sórí dísíríbútọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí fíltà epo oníke máa so rọ̀ lókè ẹ́ńjìnnì. Gbé e lọ síwájú, sábẹ́ tánkì.

Ra ẹ̀rọ ìpaná onípáúdà, kí o gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ á ti tètè kàn án. Magnesium pọ̀ nínú irin ẹ́ńjìnnì yìí. Bí iná bá ràn mọ́ irin yẹn gan-an, omi ò ní pa á, ńṣe ni á tún máa ru sí i. Pa á kó tó débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ní ìjàpá kan níbí ní London. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún níhìn-ín, bí wọn ò bá ti yí i padà púpọ̀, kì í san owó-orí ọkọ̀, MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, ò sì pọn dandan fún un mọ́. Nítorí náà àwọn èèyàn ṣì ń tọ́jú wọn, páàtì sì wà. Àbúrò, bí o bá ní ẹni tó ń bọ̀ wálé, rọ́bà ni kí o ní kó bá ọ rà: rọ́bà bíréèkì, họ́ọ̀sì epo, rọ́bà etí ẹ́ńjìnnì, kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì, asẹ́ ọ́ìlì pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọn ò wúwo. Panẹ́lì kò yẹ ní gbígbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, àwọn wẹ́dà yín á ṣe é.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra nípa gíláàsì àti rọ́bà etí rẹ̀. Bràsílì ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ìjàpá tí wọ́n tò l'Ékòó wá ní ẹyọ-ẹyọ. Volkswagen Igala tí àwọn bàbá wa gùn, Brasília onílẹ̀kùn mẹ́rin ti Bràsílì ni òun náà. Nígbà tí Jámánì fẹ gíláàsì ìjàpá fún ọkọ̀ 1965, Bràsílì ò tẹ̀ lé wọn, gíláàsì kékeré ni wọ́n ń lò lọ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Bí o bá lọ ra rọ́bà gíláàsì tí wọ́n kọ 1975 sí níbí, ó ṣeé ṣe kó má wọ̀ ọ́. Wọn gíláàsì rẹ kí o tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àwọn ará Bràsílì ń pe tiwọn ní Fusca. Wọ́n ṣe é títí di 1986, wọ́n sì tún padà ṣe é láti 1993 dé 1996, páàtì wọn ṣì pọ̀.

Oní-504

Ẹ dákun, ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí bá Peugeot 504 mu? Ti Kàdúná ni tèmi.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn

Ti ilẹ̀ àti epo bá a mu. Ti ẹ́ńjìnnì kò bá a mu rárá, olómi ni tìrẹ. Kókó kan péré ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó gbé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè: sílíńdà inú rẹ̀ lè yọ, omi ló yí wọn ká, rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì dí ìsàlẹ̀ wọn. Bí orí bá ti kúrò, tí o bá yí ẹ́ńjìnnì láìfi irin àti bóòtù tẹ sílíńdà mọ́lẹ̀, wọ́n á dìde, omi á sì wọ inú ọ́ìlì. Ṣí ìbéèrè tìrẹ lọ́tọ̀, a ó dá ọ lóhùn níbẹ̀.

Aríbíréèkì

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ bíréèkì, èmi á sì fi í ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí kò lè rìn kò pa ẹnikẹ́ni.

Kí o tó wọ abẹ́ ọkọ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, ó máa ń fọ́ lójijì láìṣe àmì kankan. Ìdúró irin tàbí àpólà igi tó nípọn ni kí o fi gbé e ró, kí o fi nǹkan dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, omi yẹn ti jẹ inú wíìlì sílíńdà. Tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí inú rẹ̀ bá ti ní àpá, pààrọ̀ rẹ̀, má fi sánpépà ha á. Àwọn họ́ọ̀sì bíréèkì ń wú sínú: bí o bá tẹ bíréèkì tí táyà kan kọ̀ láti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, họ́ọ̀sì rẹ̀ ni kí o fura sí. DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí o rọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Bí o bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde, táyà tó jìnnà jù sí másítà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì.

Eruku inú dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Láínììnì àtijọ́ ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Má fẹ́ ẹ, má fi kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lé e. Fi omi rin ín, nù ún pẹ̀lú àkísà, kí o di àkísà náà sínú ọ̀rá kí o tó jù ú nù. Má jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ẹ̀yìn kọ̀, kò tú. Ó sì yẹ kí n mọ bí mo ṣe máa dì í padà, mi ò ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n.

Aríbíréèkì

Sípánà 36 ni, ti oníhò, kì í ṣe ẹlẹ́nu. Yọ píìnì rẹ̀ kúrò ná, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀ nínú tí wọ́n á máa bá nọ́ọ̀tì jà. Jẹ́ kí táyà wà nílẹ̀, fa bíréèkì ọwọ́, ta ọ́ìlì sí i di ọjọ́ kejì, kí o ti páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà.

Láti dì í padà, ìwé ọkọ̀ ní 30 kìlógíráàmù ní mítà kan. Nítorí náà o lè ṣe é láìsí sípánà tó ń ka ìwọ̀n. Fi àmì sí ara páìpù ní ìlàjì mítà sí àárín nọ́ọ̀tì, kí páìpù dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí ẹni tó wọ̀n tó 60 kìlógíráàmù wá rọra gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ibi àmì náà láìfò. Ó ti tó nìyẹn. Bí ihò píìnì ò bá bára mu, dì í sí i díẹ̀ títí á fi bára mu. Má tú u sẹ́yìn láé. Píìnì tuntun ni kí o fi sí i, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Lẹ́yìn tí o bá ti gbé e rìn fún ìgbà àkọ́kọ́, tún yẹ nọ́ọ̀tì náà wò. Bí ó bá ti tú, eyín dúrọ́ọ̀mù á jẹ, o máa tẹ epo, ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ ò sì ní lọ. Iwájú ní ibi mẹ́rin tí a ti ń tẹ gíríìsì bọ ọ̀pá méjèèjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, bí iwájú ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ oníbọ́ọ̀lù, tẹ̀ ẹ́ títí ògbólógbòó á fi jáde. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀ nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́, gíríìsì á rọ́nà wọlé dáadáa.